Ìyá Tó Gbé Jáàkì Bọ̀ láti Kùmásí

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ọjà,
                                        Òsí,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwárà.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Ọlágòkè, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Mo gbọ́ pé orúnkún ń dùn ún. Ọlọ́run yóò fi ọwọ́ ìwòsàn kàn án. Àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín ní Ìlọrin ńkọ́, ṣé dáadáa ni gbogbo wọn? Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Òjò kan rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti lọ. Àwọn tó yára gbin àgbàdo ń wojú ọ̀run. Fúnkẹ́ ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Eyín mi ku mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ń kàwé.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí yóò yà ọ́ lẹ́nu, nítorí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti kọ̀wé síra wa gbẹ̀yìn, ẹ̀bi mi sì ni. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo bá wá. Mo ṣẹ̀ ẹ́ nígbà ayé rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gbẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà sára òkúta tí wọn yóò ṣí ní ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀ yìí, àfi bí o bá ràn mí lọ́wọ́.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ilé ìwé agbègbè wa ṣe ìdíje àríyànjiyàn ní gbọ̀ngàn ìlú. Àkòrí rẹ̀ ni "Ohun tí Nàìjíríà Fi Lókìkí." Wọ́n fi mí ṣe adájọ́, nítorí pé èmi ni mo kọ ìwé pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an lọ́dún 1983. Ìwọ kò lè gbàgbé ìwé náà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Princess ló sọ̀rọ̀ fún Òsí. Ó ní Nàìjíríà ló ni ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Favour, tó wá láti Obbo-Ayégúnlẹ̀, dìde, ó ní àwọn ará Gánà ní tiwọn ni, àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà sì ní kí àwọn méjèèjì panu mọ́, nítorí orúkọ àwọn ènìyàn tiwọn ló wà lára oúnjẹ náà. Princess ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sè jù ló ni ín. Favour ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyá mi ló ni ín." Àwa adájọ́ fún àwọn méjèèjì ní máàkì kan náà, kí ogun má baà bẹ́.

Ìgbà náà ni Princess ṣí ìwé mi. Ó kà á sókè pé jáàkì tí wọ́n fi ń fún gàrí, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ ṣe é, ní Òsí, lọ́dún 1970, àti pé alágbẹ̀dẹ tó ṣe é ni Bàbá Ògúndípẹ̀. Bàbá mi nìyẹn. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Favour kò pàtẹ́wọ́. Ó bi í pé:

"Bàbá alágbẹ̀dẹ yẹn, ṣé ó máa ń yan gàrí ni?"

"Rárá o. Ọkùnrin ni."

"Ta ló wá sọ fún un pé òkúta tí wọ́n ń gbé lé àpò ẹ̀gẹ́ ń ba ẹ̀yìn àwọn obìnrin jẹ́?"

Princess wo inú ìwé, kò rí ìdáhùn níbẹ̀. Ó wá gbójú sókè wò mí. Mo lu agogo pé àkókò ti tó. Àkókò kò tíì tó. Mo fún Princess ní ipò kìíní.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, nítorí pé n kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí Gánà lé àwọn ènìyàn wa, ẹrù orí nìkan ni àwọn òbí rẹ gbé dé láti Kùmásí. Lọ́rì bàbá rẹ kù sọ́hùn-ún. Jáàkì tó fi ń gbé e ni ìyá rẹ dì sínú agbọ̀n, ó fi ìró bò ó. Èmi àti ìwọ ṣì ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Mo wá sílé fún ìsinmi, mo jókòó sí àgbẹ̀dẹ bàbá mi, nígbà tí ìyá rẹ wọlé, tó gbé jáàkì kalẹ̀, tó sì fi èédú ya àwòrán igi mẹ́rin sílẹ̀.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó wa, ọkọ̀ ni wọ́n ń fi èyí gbé, kì í ṣe oúnjẹ."

Ìyá rẹ ní, "Ọkọ mi, ohun tó lè gbé lọ́rì yóò lè tẹ àpò. Ẹ ṣáà bá mi ṣe ibi tí yóò máa fi orí tì."

Bàbá mi ṣe é. Àkọ́kọ́ fọ́. Ìyá rẹ ní kó fi irin di igun rẹ̀, ó sì di í. Iṣẹ́ bàbá mi kò ju ìyẹn lọ, òun fúnra rẹ̀ a sì máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá bi í. Nígbà tó bi ìyá rẹ bóyá òun ló rò ó, Màmá ní òun rí obìnrin kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kùmásí, obìnrin náà sì ní ará Tógò kan ló fi han òun. Bí a bá ń tọ̀ ọ́ lọ báyìí, a ó dé Bùràsíìlì, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá.

Lọ́dún tí mo kọ ìwé mi, àwa náà ń lé àwọn ará Gánà. Rédíò kò sọ nǹkan mìíràn. Ta ni yóò fẹ́ kà nínú ìwé ilé ìwé pé ohun tí Nàìjíríà fi lókìkí, inú ẹrù ẹni tí Gánà lé ló ti jáde? Mo yọ Gánà kúrò. Nígbà tí mo yọ Gánà tán, n kò rí ibi tí ìyá rẹ yóò dúró sí mọ́, mo bá yọ òun náà. Ó ku bàbá mi.

O mú ìwé náà wá bá mi nílé. O kò pariwo. O ní, "Olóyèdé, ìyá mi ńkọ́?" Mo ní kò bójú mu kí ọmọdé máa kọ orúkọ ìyá àgbà sínú ìwé ní ṣákálá. O rán mi létí pé bàbá mi dàgbà ju ìyá rẹ lọ, mo sì kọ orúkọ tirẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Mo bá bi ọ́ bóyá ìyá rẹ ti rọ irin rí. O dìde, o lọ. Nígbà tí Màmá kú, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, n kò wá síbi ìsìnkú. Ẹsẹ̀ kò dùn mí. Òun fúnra rẹ̀ kò bá mi jà rí. Ọdọọdún ló ń fi gàrí ránṣẹ́ sí mi títí ó fi kú. Mo ń jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ìdíje náà, Adégbìtẹ́, ààrẹ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, wá fún mi ní ìròyìn ayọ̀. Ó ní àwọn ọmọ ìlú tó ń bọ̀ wálé láti Èkó àti Àbújá fún Àjíǹde yóò ṣí òkúta mábù kan ní ìkóríta: "Níbí ni a ti kọ́kọ́ ṣe jáàkì gàrí ní gbogbo àgbáyé," pẹ̀lú orúkọ bàbá mi lábẹ́ rẹ̀. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó wá àga, ó jókòó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. A kò tíì yanjú ti jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ tún fẹ́ di jáàkì fún Gánà?"

Mo ní bí orúkọ bàbá mi nìkan bá wà níbẹ̀, n ó dìde níwájú àwọn àlejò, n ó sì sọ gbogbo rẹ̀ pátá. Ó mọ̀ pé bí arúgbó bá gba máíkì, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbà pé kí wọ́n pa "ní gbogbo àgbáyé" rẹ́, kí wọ́n kọ obìnrin tó mú un wá sókè, kí wọ́n sì kọ alágbẹ̀dẹ tó bá a ṣe é sísàlẹ̀.

"Kí wá ni orúkọ ìyá náà?"

Mo ní, "Ìyá Kùmásí."

"Háà, Bàbá! Tí a bá gbẹ́ Kùmásí sára òkúta Nàìjíríà, a ti kó ẹ̀rí fún wọn nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé baba rẹ̀ ni mo ń béèrè."

Ọlágòkè, n kò mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, a kì í pe àgbà lórúkọ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí kò gbọdọ̀ pe orúkọ kan mọ orúkọ tí òun kò pè. Mo lọ wo ìwé ìjọ wa. "Ìyá Kùmásí" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo bi àwọn àgbà obìnrin. Ọ̀kan ní Ìyá Gòkè, èkejì ní Ìyá Onígàrí, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i. Mo lọ sí ibojì rẹ̀, mo fọwọ́ nu eruku orí rẹ̀: "Màmá Wa Ọ̀wọ́n" ni ẹ̀yin ọmọ kọ. N kò lè bá yín wí. Lọ́dún 1983 Màmá wà láàyè, títì nìkan ló wà láàárín ilé wa, n kò sì sọdá lọ bi í.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Bí Abdulwahab tí a jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ bá ṣì ń yà sọ́dọ̀ rẹ, sọ fún un pé mo béèrè rẹ̀. Sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí fún un pẹ̀lú. Òun náà fi ìwé mi kọ́ àwọn ọmọ.

Agbẹ́kúta ní òun lè dúró di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀. Ó ti gbẹ́ orúkọ bàbá mi tán nísàlẹ̀, ó sì fi òkè sílẹ̀ lófìfo. N kò ní kí o dárí jì mí. Bí o kò bá fẹ́ kí mi nínú èsì rẹ, má kí mi. Orúkọ ìyá rẹ nìkan ni kí o kọ ránṣẹ́. Kọ ọ́ gàdàgbà, kí o sì fi gbogbo àmì sí i lórí, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè pè é bó ṣe yẹ.

Èmi ni, ọmọ alágbẹ̀dẹ,

Olóyèdé Ògúndípẹ̀