Ta Ni Yóò Sọ Òfin Yín fún Àwọn Ará Èkìtì?

Bàbá mi, ẹni tí mi ò yéé pè,

Ohun tó ń lé oorun lójú mi pọ̀. Òrùlé ilé yín tó ti ń jò lápá yàrá ìyá mi. Ikọ́ tó ń yọ ọmọ tí Dúpẹ́ ọmọ mi bí lẹ́nu. Ọ̀nà Ọ̀mùò, tí lọ́rì kì í yéé rì lójú rẹ̀ nígbà òjò. Àti àbúrò mi Báyọ̀, ọmọ ìyàwó yín kejì. Tirẹ̀ ló le jù.

Ẹ ti lọ sọ́run kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Àwọn adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ wa ní Kàbà àti àwọn ti Èkìtì ló para pọ̀, kí wọ́n lè máa kọ́ òfin ara wọn. Ìjọba fi wá sí Àríwá, ó fi wọ́n sí Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n à ń fẹ́ ọmọ ara wa, oko wa sì fara kanra, ẹjọ́ ò tán. Wọ́n á wá jókòó ní kóòtù wa, àwa náà á lọ jókòó ní tiwọn.

Nígbà tí wọ́n wá, ilé mi ni adájọ́ àgbà wọn dé sí. Iyán mi ló jẹ. Èmi ni mo sọ fún un bí ẹ ṣe máa ń yanjú ìjà ààlà: pé ẹ kì í gbọ́ ẹjọ́ oko nínú ilé. Ẹni tó pẹjọ́ á ṣíwájú lójú ààlà, èkejì á tẹ̀lé e, ẹ̀yin á wà láàárín, ẹ ó máa rún koríko lẹ́nu láìsọ̀rọ̀. Ibi tí èkejì bá ti kọ̀ tí kò rìn mọ́, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọkùnrin náà dùn dé ibi pé ó ní kí n tún un sọ.

Ó wá kan àwa láti lọ, Báyọ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ pè kó wá ṣàlàyé rẹ̀. Òun ló wà lórí àga adájọ́ yín ní kóòtù.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ mú èmi lọ sílé ìwé, tí ẹ mú òun lọ sí kóòtù? Ṣé òun lẹ fẹ́ràn jù ni?

Lánàá ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. “Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ti da òjò ọdún yìí rò tán?” Ó wá jókòó. “Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹsẹ̀ ti ń dun Bàbá kí n tó dàgbà, mi ò bá wọn rin ààlà rí. Ẹ jókòó lẹ́yìn mi, kí ẹ máa rán mi létí.”

Lẹ́yìn rẹ̀! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n!

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Dúpẹ́, ẹ kúkú lọ, kí ilé sinmi.”

Bí òun nìkan bá lọ, á sọ ọ́ lódì, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí mo bá tẹ̀lé e, èmi ni màá di ọmọ ẹ̀yìn. Èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì?

Mò ń lọ, ṣùgbọ́n a ò ní jọ wọ lọ́rì kan náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Báyọ̀ yóò gbéra. Kó tó dé, màá ti mú adájọ́ àgbà wọn, àlejò mi ọjọ́sí, lọ sínú oko, màá ti bá a rìn ín bí ẹ ṣe ń rìn ín. Ẹ má bínú sí mi. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni mò ń lọ.

Èmi àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín ju bí Báyọ̀ ṣe fẹ́ràn yín lọ.