Ìdáhùn Ọlọ́jọ́ Méje

                                        Òjúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ayọ̀tọ́lá,
                                        Àgídìngbì, Ìkẹjà.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2003.

Ṣínà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé inú rẹ kò dùn sí mi, síbẹ̀ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí yín. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wa Ọdúnayọ̀ àti àwọn ọmọ wà? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí? Ara àwa náà le níbí. Ooru nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn, òjò kò sì tíì rántí wa.

Láolú ti jíṣẹ́ rẹ. Ó ní o sọ pé a kó ara wa jọ láti dágbére fún Ọ̀gá Àlàbá, tíṣà ìṣirò wa, a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ́ sílẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nílé wọn nígbà tí a ń múra ìdánwò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí bí èmi bá jẹ́ ìwọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni n óò rò. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ ka bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ọgbà, gbogbo wa la fẹnu kò pé a ò ní máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ kiri mọ́, kí kálukú máa wo ìkànnì ẹgbẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni ẹ gbé e lé lọ́wọ́. Ìkànnì náà wà lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Láolú, níbi tí jẹnẹrétọ̀ wọn kì í ti í sinmi. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun tí ì bá máa bá wa júwe ibi tó wà fún ẹ̀rọ tó bá dárúkọ rẹ̀ kò gba káàdì báńkì tó bá ti Nàìjíríà wá. Ni mo bá gbé kọ̀ǹpútà kan sábẹ́ tábìlì nílé ìtẹ̀wé mi, mo sọ ọ́ di sáfà orúkọ. Ẹ̀rọ yòówù tó bá béèrè ibi tí ìkànnì wa wà, òun ni yóò sọ nọ́ńbà ibẹ̀ fún un. Ẹni tó béèrè á sì fi ìdáhùn náà sórí fún iye ọjọ́ tí mo bá ní kí ó fi sórí. Mo rò ó pé bí wọ́n bá mú iná lọ, sáfà mi yóò yadi, nítorí náà mo ní kí gbogbo ayé máa rántí ìdáhùn mi fún ọjọ́ méje. Ọgbọ́n ni mo pè é.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó kọjá, ilé-iṣẹ́ Láolú fẹ́ gba ẹ̀rọ wọn padà. Mo kó ìkànnì lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, mo sì yí nọ́ńbà padà lórí sáfà. Lọ́jọ́ kejì, Olútóyìn, ọmọ Ọ̀gá tó wá mú wọn lọ sókè òkun, pè mí pé wọ́n ti sún ọkọ̀ òfuurufú wọn kúrò ní Àbámẹ́ta tí mo kọ sórí ìkànnì, ó ti di Ọjọ́bọ̀. Mo kọ ọ́ síbi tuntun náà lójú ẹsẹ̀. Mo wò ó láti orí àga mi, Ọjọ́bọ̀ gàdàgbà ni mo rí. Ohun tí mo rí ni mo rò pé gbogbo ayé rí. Èmi kò mọ̀ pé sáfà ilé-ẹ̀kọ́ yín ní Àkúrẹ́ ti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú, kí n tó kó kúrò, ó sì ń fi òtítọ́ ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Ẹ̀rọ Láolú tí wọn kò tíì pa ló ń mú ọ lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, níbi tí Àbámẹ́ta ṣì jókòó sí. Bí o ṣe wá sílé Ọ̀gá ní Onígbòǹgbò ní Àbámẹ́ta tí o bá àgádágodo lẹ́nu géètì nìyẹn. Ìgbà tí Láolú jíṣẹ́ rẹ tán la tó lọ wo ẹ̀rọ náà.

Inú ń bí mi, Ṣínà. Ká ní iná ló lọ ni, mo mọ ẹni tí n óò bú. Ká ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, n óò tún un ṣe. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Gbogbo wọn ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ọ̀gá kò tètè wọkọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ náà. Wọ́n ń béèrè pé, "Ṣínà dà? Àbí ó ṣì ń pẹ́ bí ìgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti oko?" Olútóyìn ń wo aago. Nígbà tí wọ́n wọkọ̀ tán, wọ́n tún ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀ sí i.

Lánàá ni wọ́n pè mí látòkè òkun. Mo ṣàlàyé, wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Rótìmí, o ní kí wọ́n di àdírẹ́sì rẹ mú fún ọjọ́ méje, o wá kó kúrò nílé kó tó pé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn wọn ti rẹlẹ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, àwọn yóò pe fóònù ilé ìtẹ̀wé mi, kí n rí i pé ìwọ lo gbé e. Jọ̀ọ́, wá. N kò kọ èyí sórí ìkànnì kankan. Láolú ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Mo ti dín ọjọ́ méje náà kù sí ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n báyìí, bí iná bá ti lọ, kò sẹ́ni tó máa rántí wa. Òfin ni pé kí sáfà orúkọ jẹ́ méjì. Orúkọ méjì ni mo fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ tábìlì mi. Bá mi bẹ àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ yín kí wọ́n fún wa láyè lórí tiwọn, kí tìrẹ lè máa dáhùn nígbà tí tèmi bá dákẹ́.

Bá mi kí Màmá dáadáa, kí o sì sọ fún Ọdúnayọ̀ pé kó má tíì bínú sí mi tán, kó ṣẹ́ díẹ̀ kù dìgbà tí mo bá wá jẹun lọ́dọ̀ yín.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ lónìí àti lẹ́yìn ọjọ́ méje,

Rótìmí.