Pamílẹ́rìn Fákọ̀yà àti Irin Tí Kò Mì

Ọmọ Ìjànà ní ìlú Ọ̀tà ni Olóògbé Pamílẹ́rìn Fákọ̀yà, ọmọ Àwórì pọ́ńbélé. Ọdún 1966 ni Ẹfúnkẹ́ bí i fún ọkọ rẹ̀, Fákọ̀yà ọdẹ. Fákọ̀yà ti lọ. Ẹfúnkẹ́ ṣì wà láyé, láti ẹnu rẹ̀ sì ni ẹbí ti gba ìtàn tí ẹ ń kà yìí. Ìyá kì í pe ọmọ tó bí ní "wọ́n," nítorí náà bó ṣe sọ ọ́ la ṣe kọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìbọn fọ́ mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnìkan ló fi ọwọ́ lásán ki ọta inú ìbọn náà fún un, ẹ̀tù inú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ìka mẹ́ta bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń ṣọ́ ẹ̀tù bí ẹni ń ṣọ́ olè. Nígbà tí ọmọ náà ka ìwé mẹ́fà tán, kò jẹ́ kó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wọgbó. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló mú un lọ. Ní 1985 ó wọ ilé iṣẹ́ irin kan ní Ṣàngó, ó sì ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní 1993 ó fẹ́ Dúpẹ́, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó di Ìyá Dásọ́lá, wọ́n sì kọ́lé sí Joju.

Àmọ́ ọmọ ọdẹ, ọdẹ náà ni. Nígbà tó yá, ó wọ ẹgbẹ́. Ní 2014, nígbà tí àwọn olè kò jẹ́ kí Joju fojú kan oorun, àwọn ọdẹ tó níwèé àṣẹ ló ń ṣọ́ àdúgbò, ọta kì í sì í tó wọn. Wọ́n bẹ Pamílẹ́rìn, òun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ irin, pé kó ra ẹ̀rọ, kó máa ki èèpo ọta tí wọ́n ti yìn padà nílé, fún gbogbo ẹgbẹ́. Ìyá gbọ́, kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ sí Ṣàngó. "Màámi, ẹ wá fojú ara yín rí èyí tí mo máa rà. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, mo jáwọ́."

Méjì ni Fàlílù tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ gbé kalẹ̀. Ọ̀kan ń dán, ó fúyẹ́, ó sì lè ki ọta bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkejì dúdú, ó wúwo bí ọlọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń ki í. Fàlílù ní ẹni tó fẹ́ ki ọta fún odindi ẹgbẹ́, èyí tó yá ni kó gbé. Pamílẹ́rìn ní kó de méjèèjì mọ́ pákó. Ó bu omi kún ife dé etí, ó gbé e lé orí èyí tó ń dán, ó fa apá ẹ̀rọ wálẹ̀. Omi dà. Ó gbé e lé orí dúdú, ó fà á, ó tún fà á. Omi kò ta sílẹ̀.

"Ẹ rí i," ló wí fún ìyá rẹ̀. "Irin tó bá ń mirí, lónìí ó máa wọn ẹ̀tù dáadáa, lọ́la ó máa ṣì í wọ̀n. Dúdú yìí, ọmọ ọmọ mi ló máa jogún ẹ̀."

Fàlílù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́?"

"Bí mo ṣe yan Ìyá Dásọ́lá náà nìyẹn. Mo gbé ife lé e lórí."

Ẹ̀rín pa Ẹfúnkẹ́. Ó ní kó rà á.

Pamílẹ́rìn fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yàrá kan sí ẹ̀yìnkùlé, jìnnà sí ibi ìdáná, ó sì fi bóòtù de irin náà mọ́ tábìlì. Iná kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ìbọn ẹnìkankan kò fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ìgbà náà, olè sì jìnnà sí Joju. Ọjọ́ Sátidé ló ń fi òróró pa oríkèé irin. Ní ọjọ́ Àìkú, òun ló ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Dúpẹ́ a máa wí pé, "Bàbá Dásọ́lá, ẹ fi irin yìí sílẹ̀, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ara yín." Òun a máa dáhùn pé, "Gbé ife lé mi lórí, kó o wò ó."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2025, kò tilẹ̀ sí ẹ̀tù nílẹ̀. Irin ló ń nù. Ó ní kí Màámi bá òun bu omi mu. Ìyá gbé omi dé, ó bá a tó gbé orí lé irin náà bí ẹni tó sùn. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Títí di òní ni ìyá ṣì ń béèrè pé, "Ẹ̀tù ńkọ́?" Gbogbo wa ń dá a lóhùn pé kò sí ẹ̀tù ńbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ni ìyá ń ṣọ́ láti àárọ̀ ọjọ́. Òmíràn ni ikú gbà wọlé.

Ó fi ìyá sílẹ̀ lọ, ó fi ìyàwó sílẹ̀, àti àwọn ọmọ: Dásọ́lá, Máyọ̀wá àti Ìtẹ́olúwa, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Ẹgbẹ́ ọdẹ yóò ṣe ìṣípà fún un, kí wọ́n yà á kúrò láàrin ọdẹ ayé, gbogbo ohun ọdẹ rẹ̀ yóò sì bá a jáde. Ìyá ní kí wọ́n má fọwọ́ kan irin náà. Ọmọ-ọmọ ló ni ín, bí ẹni tó rà á ṣe wí.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìyá kì í dé ibojì ọmọ. Nígbà tí ẹ bá ń sin Pamílẹ́rìn lọ, inú yàrá ẹ̀yìnkùlé ni Ẹfúnkẹ́ yóò wà. Ife omi àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà lórí tábìlì níbẹ̀, ó ti dà dé ìdajì. Irin kò mì. Ọwọ́ ìyá ló mì.

Sùn re, ọmọ Fákọ̀yà. Gbogbo ilé tó o ṣọ́ ní Joju, kí àdúrà wọn ṣọ́ ọ délé.