Wọn Ò Yọ Dáìsì Kúrò Mọ́

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ọmọ yín ti di èèyàn ńlá o!

Ẹ rántí géèmù àtijọ́ tí a ń tún ṣe níbi iṣẹ́ wa, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi dáìsì ta lórí tábìlì kó tó dé inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá wa ní ká yọ dáìsì náà kúrò, kí ẹnikẹ́ni má bàa fìdí rẹmi mọ́. Ni mo bá dìde.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún àwòrán ṣe, kí lẹ́tà tóbi. Ṣùgbọ́n bí dáìsì ò bá lè já èèyàn kulẹ̀, ayọ̀ wo ló wà níbẹ̀ tó bá gbeni?"

Ọ̀gá wá mi orí pé òun gbà. "Ó dáa, ẹ fi í sílẹ̀. Ìwọ ni kó o darí iṣẹ́ náà."

Èmi náà ni o! Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi. Wọ́n fọkàn tán mi ni. Nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, mi ò rù, ẹ̀wù ló tóbi.

Ẹ bá mi kí Bàámi lórí ibùsùn àìsàn wọn. Ẹ sọ ọ́ sétí wọn dáadáa, bí wọn ò tiẹ̀ dáhùn, pé orúkọ wọn ni mo sọ akọni kan nínú géèmù náà.

Èmi ni,
Àbíkẹ́yìn yín.