Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Fi Etí Yàn

Ọmọ ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ọ. Mo mọ̀ pé níbi tí o wà, ọwọ́ rẹ á ti dúdú fún epo ọkọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irin ṣe ọ́ léṣe. Ara mi le, àfi orúnkún méjèèjì tí wọn kò bá mi rẹ́. Tíṣà tó ń gbé iwájú ilé wa ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bu iyọ̀ sí i. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ajé. Tíṣà kà á fún mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. O ní kí n forí jì ọ́, pé ó ní láti jẹ́ pé ìwọ lo ṣi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kọ. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀, kí o lọ máa bá wọn ta aṣọ. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìwọ kọ́ lo ṣi nǹkan kan kọ. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọ. Mo tètè sọ ọ́ kí o má baà máa wá a kiri nísàlẹ̀ lẹ́tà.

O rántí pé ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù tó wà nínú ọkọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì tí bàbá bàbá rẹ fi sílẹ̀, èyí tí a ń sùn tí a sì ń dáná nínú rẹ̀, ti kú. Èmi ni mo ní kí a wá oní-dísẹ́lì sí i, kó má baà máa mu epo bí ọ̀mùtí tí mo bá ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi létí òkun. Ìrìn ọjọ́ méjì ni, orúnkún mi kò sì gba ìjókòó. Àfi kí n sùn lọ. O wá, o fi tọ́ọ̀ṣì yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, o wọn ibi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó. O ní, "Ìyá àgbà, ọkọ̀ yìí ti darúgbó. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò ní kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ mú. Tó bá tóbi jù, gíábọ́ọ̀sì ò ní lè gbà á." O kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí bébà kan fún mi, o sì padà sí ìlú tí o ti ń ṣiṣẹ́.

Èmi nìkan ni mo lọ sí ọgbà oníẹ́ńjìnnì. Méjì ló fi hàn mí. Kékeré kan dọ̀tí, epo ti gbẹ mọ́ ọn lára bí ìdí ìkòkò. Ńlá kan, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà búlúù. Ó tan kékeré, ó ń wúkọ́ bí arúgbó. Ó tan ńlá, ilẹ̀ mì lábẹ́ sálúbàtà mi. Bàbá bàbá rẹ máa ń sọ pé ojú la fi ń ra aṣọ, etí la fi ń ra ẹ́ńjìnnì. Ní gbogbo ọdún tí a fi jọ rìn, èmi ló máa ń pè kí n wá gbọ́ bóyá ẹ́ńjìnnì ń ṣàìsàn, n kì í sì í ṣì í. Ìyẹn ló gùn mí. N kò rántí pé ìró lè sọ pé ẹ́ńjìnnì lágbára, kò lè sọ pé ó bá ọkọ̀ mu.

Oníẹ́ńjìnnì bi mí pé, "Màmá, kí ni wọ́n kọ sí bébà ọwọ́ yín?" Àwọn oníbàárà méjì dúró tì wá. Mo tú bébà náà, mo wò ó bí ẹni tó ń kà á, mo tilẹ̀ ń mi orí. Ìwọ náà mọ̀ pé n kò dá nǹkan kan mọ̀ nínú ìwé. Mo nawọ́ sí aláwọ̀ búlúù, mo ní, "Òun ni wọ́n kọ síbí." Ó ní kí òun wò ó. Mo ní kí ló dé, ṣé ó rò pé n kò lójú ni? Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá alákọ̀wé." Ó dùn mọ́ mi. Èyí tó ń tì mí lójú jù láti sọ nìyẹn, pé ó dùn mọ́ mi.

Wẹ́dà tó bá wa gbé e sínú ọkọ̀ gé irin iwájú kó tó wọlé. Ó ní, "Ìyá, ẹrù erin lẹ fẹ́ gbé lé ewúrẹ́ yìí o." Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló wà á, èmi sì nà sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn bí olorì. A ń gun òkè ilé ìwé lọ́wọ́ ni gíábọ́ọ̀sì fọ́. Ọkọ̀ yí padà sẹ́yìn, ó fi ìdí wó ògiri ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe. Èmi nìkan ni mo bọ́ sáàárín àwọn ìkòkò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pé sí pálọ̀ mi: ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ìyàwó rẹ̀, bàbá rẹ àti télọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bi mí pé ta ló yan irú ẹ́ńjìnnì yẹn. Mo ní, "Ọmọ yín ló kọ ọ́ sí bébà." Ó rọrùn lẹ́nu bí ẹni mu omi. Ó ní, "Ẹ ò rí Mẹkáníìkì Orí Bébà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní ọkọ̀ akẹ́rù òun mẹ́ta tó ń gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá kò ní dé ọwọ́ rẹ mọ́. Nígbà tí o bi mí lórí fóònù pé, "Ìyá àgbà, ṣé nọ́ńbà tí mo kọ ni wọ́n gbé fún yín?" mo ní òun ni. O ní, "Ó dáa, mà."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà ọjà, èmi náà ni mo wọ́ orí ọmọ. Oṣù méjì ni mo sì fi ń jẹun, tí mo ń sùn. Àìmọ̀wé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ rẹ tí mo fi bo ìtìjú mi, òun ni ẹ̀ṣẹ̀.

Lánàá, mo pe àwọn mẹ́rin yẹn padà, mo fi kálukú sórí àga tó jókòó lé lọ́jọ́ náà. Tíṣà ka nọ́ńbà inú bébà rẹ síta, wẹ́dà tí mo pè mọ́ wọn ka èyí tó dà kọ láti ara ẹ́ńjìnnì búlúù. Wọn kò jọra rárá. Mo sọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní, "Ìyá, ẹ̀yin kẹ̀?" Mo ní èmi ni, kó dá ọkọ̀ rẹ̀ padà sọ́wọ́ ọmọ, kó sì gbé orúkọ ẹ̀sín yẹn mì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó wò. Bàbá rẹ dìde, ó jáde láìwò mí. Ó tọ́ sí mi.

N kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Tí iṣẹ́ bá sú ọ, fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi í sílẹ̀ nítorí irọ́ mi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa jí òkú ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnikẹ́ni má tún fi ẹnu ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́, ì báà ṣe èmi. Kí o dàgbà jù mí lọ, kí o sì gbọ́n jù mí lọ; èkejì ti ṣẹ.

Èmi ni ìyá bàbá rẹ, tó jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan: Láti ọjọ́ Ajé ni Tíṣà ti ń kọ́ mi ní nọ́ńbà. Mẹ́rin àti méje nìkan ló tíì wọ̀ mí lórí. Láàárọ̀ yìí, mo mú bébà rẹ padà lọ sí ọgbà oníẹ́ńjìnnì, mo sì sọ fún un lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé n kò mọ̀wé. Ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn ṣì wà lẹ́yìn àwọn táyà. Mo fi etí ìró mi nu epo ara rẹ̀ kúrò, mo wá méje méjì tí o kọ tẹ̀léra. Wọ́n wà níbẹ̀. Mo ní kó má tíì tà á, títí o ó fi wá wò ó fúnra rẹ.