Ọwọ́ Òsì Áńgẹ́lì

Bologna, Ọjọ́ Ẹtì, 1 Ẹrẹ́nà 1658

Ọwọ́ Bàbá tún gbọ̀n lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fa ìlà kan sára ìda tí a fi bo idẹ. Ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ya àwòrán sórí idẹ! Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ersilia, máa bá a lọ. Má sọ fún ẹnì kan.” Màríà ni, àti áńgẹ́lì tó wá kí i, fún àjọ̀dún ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí Fádà Fulgenzio tó gbé iṣẹ́ náà fún wa (Imú Ìdì ni mo ń pè é nínú ìwé mi yìí) bá gbọ́ pé obìnrin ló yà á, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Ọjọ́rú, 6

Eérú níwájú orí, Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà lásán, kò sẹ́ran. Mo parí ìyẹ́ áńgẹ́lì. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó wù mí.

Ọjọ́bọ̀, 14

Bàbá gbé idẹ náà síwájú dígí, wọ́n wò ó pẹ́. “Ó dáa.” A da omi kíkan lé e, ó ń hó, ó ń jẹ gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti là. Ohun tó bá ti jẹ, ó jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Yéè! Mo gbé!

A tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ọwọ́ òsì ni áńgẹ́lì nà sí Màríà. Òsì! Ohun tó bá wà lọ́tùn-ún lórí idẹ, òsì ló ń bọ́ sí lórí ìwé — mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọmọ ọdún méje. Ojú Màríà ni mo gbájú mọ́. Ta ni yóò gbà pé Bàbá, Ọ̀gá Baldassarre, ló ṣe irú èyí? Bàbá ń mu wáìnì wọn lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 17

N kò lè jẹun. N kò lè gbàdúrà.

Ọjọ́ Ajé, 18

Imú Ìdì dé láàárọ̀. Ó gbé ìwé náà sókè, ó ní, “Ọ̀gá, ọwọ́ òsì la wá ń nà sí Ìyá Olúwa báyìí? Iṣẹ́ yín kọ́ lèyí o.”



Bàbá ní, “Èmi kọ́, Fádà. Ọmọ mi yìí ni.” Wọ́n nawọ́ sí mi, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, níṣojú rẹ̀! Fádà wò mí, ó tún wo ojú Màríà pẹ́. Ó ní àwọn yóò wá ẹlòmíràn. Ó jáde.

Mo pariwo. Mo ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ. Bàbá ní, “Mo ti rí ọwọ́ òsì náà nínú dígí lọ́jọ́bọ̀. Ká ní mo jẹ́ kí o tún un ṣe ni, orúkọ mi ni wọn ì bá pè sí i, wọn ò sì ní mọ ìwọ láéláé.”

Wọ́n rí i! Wọ́n sì da omi kíkan lé e! N kò mọ̀ bóyá kí n kúnlẹ̀ fún wọn ni àbí kí n fọ́ dígí náà. Iṣẹ́ ti lọ. Idẹ tuntun wà lórí tábìlì, wọ́n ti fi ìda bò ó. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi orúkọ mi nísàlẹ̀. Bàbá ló kọ ọ́ sódì bó ṣe yẹ, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ wọ́ bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ̀n.