Káàtì Rẹ Dọ̀bálẹ̀ fún Àwọn Àna Wa

Mouftaou Àkàmbí ọmọ mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀, ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kí o fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ aláṣọ sódì. Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn bí mo ṣe ń jí fún ọ, kí o lè mọ̀ pé mi ò fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣeré. Tí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, mi ò tíì ní fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Màá ṣí agolo mílíìkì tí mo fọ̀ tí mo sá gbẹ, màá yọ káàtì rẹ jáde, páálí pélébé tí o tẹ orúkọ rẹ sí tí o sì lẹ fọ́tò ojú rẹ mọ́. Màá fi etí ìró mi nù ún, láti iwájú orí wá sí àgbọ̀n, nítorí eruku ilé yìí kì í ṣojúsàájú fún ẹnikẹ́ni. Màá gbé e ti ara fìtílà lójú fèrèsé, kí o lè máa wo ọ̀nà. Màá kí ọ, màá sì dúró díẹ̀, bóyá o máa dáhùn. Lẹ́yìn náà ni mo tó máa ń gbálẹ̀, jẹ́jẹ́ ni mo sì ń gbá apá ibẹ̀ kí eruku má baà wọ̀ ọ́ lójú.

O lè máa ṣe kàyéfì pé ta ló bá mi kọ lẹ́tà yìí. Èmi Sikiratou fúnra mi ni. Láti ìgbà tí ìjọba Ìyípadà ti ní kí àgbàlagbà máa kọ́ ìwé, mo ń lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ọjà. Èmi ni mo dé kẹ́yìn, ẹ̀yìn náà ni mo sì ń jókòó, kò sí ẹni tí mo lè bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, nítorí náà ojú ni mo ń fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ ní kí a yé pe ilẹ̀ wa ní Dàhòmé, ó ní kí a sì máa pe ara wa ní kàmáráàdì, pé kò sí àgbà kò sí ọmọdé nínú Ìyípadà. Mo délé, mo pe ìyálé mi ní kàmáráàdì. Ó ní bí mo bá ní àìsàn kan lára, kí n má fi orúkọ rẹ̀ pe òun. Láti ọjọ́ náà, ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ ló ń sè.

Nígbà tí o fi káàtì náà rán awakọ̀ sí mi, o kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ lé e pé ayé ti yí, pé aránṣọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa retí ẹni tó ń kọjá lọ. O ní káàtì ni yóò máa rìn kiri fún ọ. Níbi tí ẹsẹ̀ rẹ kò bá lè dé, òun ni yóò dúró fún ọ, ẹni tó bá sì ti rí i ti rí ọ. Mo gbà á gbọ́. Ìgbà wo ni ọmọ mi purọ́ fún mi rí?

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí àwọn àna wá tọrọ Fadilatou, àbúrò rẹ, tí o ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ọdún kò jẹ́ kí o lè wá, mi ò ba ara mi nínú jẹ́. Mo tẹ́ ẹní àwọn ọmọkùnrin ilé, mo gbé káàtì rẹ sí àárín, mo sì ní kí Inoussa ọmọ ìyálé mi sún díẹ̀, kó má baà jókòó lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí.

Àlájì Soumanou, tó jẹ́ agbẹnusọ àwọn àna, béèrè pé kí ni a tẹ́ sórí ẹní yẹn. Mo ní ọmọ mi ni, aránṣọ ni ní àdúgbò Akron, l'Àjàṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ọ́ dáadáa. Ó ní ọmọ náà dára lójú lóòótọ́, àmọ́ irú ẹ̀kọ́ wo ni kí ọmọdé fẹ̀yìn lélẹ̀ kó máa wo àgbà lójú? Mo wò ó, òótọ́ ni, Àkàmbí. O nà gbalaja bí ẹni tó jẹun yó, o sì ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Bàbá Liamidi, àbúrò bàbá rẹ tó jẹ́ olórí ẹbí, ló dìde tó fi ìka méjì yí ọ dojú délẹ̀. Ó ní ó tó, ó ti dọ̀bálẹ̀ báyìí. Inú àwọn àna dùn, wọ́n súre fún ọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí sọ pé kí o dìde, nítorí náà orí ìdọ̀bálẹ̀ ni o wà títí wọ́n fi tú ká. Mi ò mọ̀ bóyá àyà ń dùn ọ́.

Nígbà tí wọ́n pín obì, wọ́n gbé tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ. Mo ń ṣọ́ ọ. Mo kàn yíjú láti gbé omi fún àlejò ni, Inoussa ti jù ú sẹ́nu. Ó ní obì kì í dúró de ẹni tí kò ní eyín. Ìyálé mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní ọmọ tòun kò ní káàtì o, ẹsẹ̀ lásán ni Ọlọ́run fún un. Inú mi gbóná bí ìkòkò tí omi inú rẹ̀ ti gbẹ. Inoussa tí kò mọ̀ ju kó máa fi mọ́tò kó ata lọ, òun ni gbogbo àna ń dì mọ́, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó.

Ti ilé yẹn ṣì kéré. Lọ́jọ́ ọjà Missérété wa níbí, mo rí ọ lórí àtẹ Nimatou elépo. Ìwọ gan-an, ẹ̀rín kan náà, o fẹ̀yìn ti ìgò epo. Mo bi í pé níbo ló ti rí ọmọ mi. Ó ní ṣé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́ ni, pé káàtì rẹ wà lọ́wọ́ olùkọ́ wa, ó wà lọ́wọ́ ìyàwó akọ̀wé, ó ti dé ìlú Adjarra pàápàá. Àkàmbí, mo ti rò pé ẹyọ kan ló wà. Mo ti rò pé èmi ni o fún.

Nimatou kò tíì dákẹ́. Ó ní òun mú káàtì náà lọ bá ọ l'Àjàṣẹ́, o fún òun ní ìjókòó, o ní kí òun gbé apá sókè, o na okùn ìwọ̀n yí òun ká, o sì tún béèrè bí orúnkún òun ṣe ń ṣe. Orúnkún Nimatou! Èmi náà ní orúnkún. Òsì ló ń dùn mí, nígbà òjò ó tún máa ń ké. Àgbàlagbà bíi tèmi wá ń jowú orúnkún elépo láàárín ọjà, mo ra epo náà bí ẹni tó ń ra májèlé. Mo délé, mo bi káàtì tèmi bóyá ó tilẹ̀ mọ̀ pé orúnkún ń dùn mí. Ẹ̀rín ló ń rín.

Mo wá ń rò ó pé àwọn àjèjì ni káàtì yìí ń mú wá sọ́dọ̀ rẹ, èmi ìyá rẹ ló ń sọ fún pé ọmọ ti dé, kí n máa lọ jókòó.

Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó le báyìí. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni yìgì Fadilatou. Ẹbí jókòó, mo gbé káàtì rẹ jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, Bàbá Liamidi ní rárá. Ó ní lọ́jọ́ ìtọrọ, àwọn fi ṣe àwàdà ni. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin ń jáde nílé bàbá rẹ̀, ọwọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú ni ẹ̀gbọ́n fi ń mú un kọjá ẹnu ọ̀nà. Bí o kò bá dé, Inoussa ni yóò mú un jáde, òun náà ni wọ́n á sì máa pè bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé ọkọ rẹ̀. Ìyálé mi ti ń wá agbádá fún ọmọ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ní kí n bi ọ́ bóyá o lè bá òun rán an, kí o sì ṣe ojú àánú nítorí pé ọmọ bàbá kan ni yín.

Fadilatou kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo rí i tó gbé káàtì rẹ lé àtẹ́lẹwọ́, ó rọra pa ọwọ́ dé mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n ń mú jáde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún dúró. Lẹ́yìn náà ló dá a padà sínú agolo. Kò mọ̀ pé mo ń wo òun. Bí òun náà bá lọ tán, èmi àti agolo ló kù nínú yàrá.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi lè gbé mi dé Àjàṣẹ́, kò lè gbé mi padà. Jọ̀wọ́, ìwọ ni kí o san ti àbọ̀, fún èmi àti ìwọ. Tún bá mi wá owó bàtà Fadilatou, kó jẹ́ owó gidi, nítorí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ra iṣu, mo fi káàtì rẹ lọ oníṣu, mo ní ó dúró fún ọ, ó ní kó dúró síbẹ̀ kí èmi lọ mú owó wá.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí orúkọ rẹ dé ibi tí páálí kò lè dé. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Bí o ti ń wọn àwọn ènìyàn, a kò ní fi òṣùwọ̀n ibi wọ̀n fún ọ. Ẹsẹ̀ rẹ yóò sì máa mọ ọ̀nà ilé.

Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi ni mo ń bọ̀. O mọ̀ pé mi ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí lójú èrò, nítorí náà lẹ́tà yìí ni màá nà sí ọ, kí o kà á tán kí o tó wojú mi. Màá mú aṣọ ìgbéyàwó tí n kò tíì rán wá, màá jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ, màá sì dúró títí yóò fi kàn mí. O máa ní kí n gbé apá sókè, màá gbé e. O máa na okùn ìwọ̀n yí mi ká. Nígbà náà ni màá sọ apá mi méjèèjì kalẹ̀ yí ọ lọ́rùn ká, màá dì ọ́ mú lójú gbogbo wọn, mi ò sì ní fi ọ́ sílẹ̀ àfi tí a bá ti jọ wọ mọ́tò Missérété.